Géèmù Olójú Méjì àti Fíríìdọ̀mù Mi

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó gba fíríìdọ̀mù iṣẹ́ náà. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó jọ ẹni tó ń ṣe ìkómọ lẹ́yìn tí ọmọ ti relé ọkọ, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn, n ò sì ní purọ́ fún yín nítorí pé mo fẹ́ kí ẹ kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń jókòó síwájú ilé mi ní Ìyànà Ọ̀fà ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ yín láti inú yàrá. Ẹ ń gbé iṣẹ́ wò bí ẹni ń gbé bàtà wò lọ́jà: eléyìí há mi lẹ́sẹ̀, ìyẹn ò bá ìgbà mu, èyí tí mo fẹ́ gan-an ti wọ́n jù. Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe lọ kí ẹ tó yan èyí tí ẹ ó wọ̀.

Rafatu ni orúkọ mi. Títún rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fóònù àti géèmù ṣe ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní abúlé kan tí kò jìnnà síbí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo tú rédíò wọn palẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n lọ sóko, mo sì tò ó padà. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, àfi pé síkúrù kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Ìyá mi ti fẹ́ kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Bàbá mi wo síkúrù yẹn títí, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká mú un lọ síbi tí wọ́n á ti fi ibi tí eléyìí ń gbé hàn án." Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Busari tó ń tún rédíò ṣe nìyẹn.

Gbígbà tí wọ́n gbà mí ò pẹ́ rárá. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ méjèèjì, mo nà án. Wọ́n wò ó bóyá ó ń gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ní ti owó, ẹ má bi mí. Èyí tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí kò tó fọ́nnu.

Ọ̀gá Busari le. Wọn ò lù mí rí, wọn ò bú mi rí, síbẹ̀ ẹ̀rù wọn bà mí ju ti àwọn ọ̀gá tó ń fi wáyà na ọmọ iṣẹ́ lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́: "Tú u." Bí mo bá parí rédíò kan, tó ń kọrin dáadáa, màá gbé e síwájú wọn. Wọ́n á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á wo ibi tí mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí, wọ́n á fi ìka yẹ wáyà wò. Bó bá kù díẹ̀ káàtó, "Tú u." N ò gbọdọ̀ bèèrè ohun tó ṣe é. Èmi ni kí n wá a rí. Màá tú u, màá tò ó, màá tún gbé e wá. "Tú u." Ìgbà kan wà tí mo tú rédíò kan ṣoṣo títí mo fi sunkún sínú rẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Nu omi yẹn kó má baà dípẹtà. Tú u."

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti pé, wọn kì í sọ nǹkan kan. Kò sí "o ṣeun", kò sí ẹ̀rín. Wọ́n á kàn dákẹ́, wọ́n á na ọwọ́ gbé nǹkan náà sórí pẹpẹ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, níbi tí a ń kó iṣẹ́ tó ti parí sí. Ìdákẹ́ yẹn ni mo ń lé láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ tí mo bá rí i, inú mi á dùn débi pé ebi ò ní pa mí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún yín lórí gbogbo nǹkan, ẹ̀ bá ti sá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kí oòrùn tó wọ̀.

Ìyá Kudi, ìyàwó wọn, ni ìtura mi. Bí wọ́n bá ti gbọ́ "Tú u" tó pọ̀ jù, wọ́n á gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú mi. "Jẹun, Rafatu. Bí ọkọ mi ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá se ọbẹ̀ tó dùn náà, ṣe ni wọ́n máa ń dákẹ́. Ọjọ́ tí iyọ̀ bá jù ni mo máa ń gbóhùn wọn."

Òfin kan tún wà tí ọ̀gá mi ò fi ṣeré. Ohunkóhun tí a bá yọ kúrò nínú nǹkan oníbàárà, bó ti wù kó jóná tó, a ó dì í sínú ọ̀rá, a ó sì dá a padà fún un. "Òkú nǹkan oníbàárà, oníbàárà ló ni ín," ni wọ́n máa ń wí. Àwọn kan wà nídìí iṣẹ́ wa nígbà náà tó ń yọ èyí tó dáa nínú rédíò oníbàárà, tí wọ́n ń fi èyí tó ti kú rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, gbogbo abúlé tó yí wa ká ló sì mọ̀. Wọn ò kọ́lé, wọn ò ra mọ́tò. Orúkọ yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní.

Ọdún tí mo máa gba fíríìdọ̀mù, ètò ti tò. Bí ọmọ iṣẹ́ bá parí, ọ̀gá rẹ̀ á pe àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn ọ̀gá míì jọ, á ṣàdúrà sí i lórí, á sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé ọmọ yìí ti mọṣẹ́. Ẹni tí wọn ò ṣe é fún, ojú ẹni tó sá nídìí iṣẹ́ ni wọ́n máa fi wò ó títí ayé. Ìyá mi ti ra aṣọ. Bàbá mi ti ń bọ́ àgbò.

Ọ̀pá gígùn kan wà lórí ṣọ́ọ̀bù wa tí a fi gbé ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n sókè. Ọ̀gá mi ti so wáyà bàbà mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí àrá tó bá fẹ́ jà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹnì kan gé wáyà náà lọ tà. Ọ̀gá mi ti ránni sí Ìbàdàn pé kí wọ́n bá àwọn ra òmíràn bọ̀, ṣùgbọ́n òjò àkọ́rọ̀ dé kí wáyà tó dé.

Ọ̀sán ni. Ọ̀gá mi wà ní mọ́sálásí, èmi ń bá Ìyá Kudi kó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá kúrò nínú òjò. Àrá sán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pá yẹn là sí méjì, iná sì gba inú ẹ́ríà wọ ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí pẹpẹ, èyí tí a ti ṣe àtèyí tí a ò tíì ṣe, ló kú. Òmíràn yọ́ mọ́ pákó. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọ̀rá tó ń jó, ara mi máa ń bù máṣọ.

Kí òjò tó dá, àwọn oníṢàngó àdúgbò wa ti dé. Níhìn-ín, ibi tí àrá bá jà sí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan ibẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe ètùtù, ìbáà jẹ́ ilé mùsùlùmí. Bàbá àgbàlagbà kan ni olórí wọn, Mọ́gbà ni à ń pè wọ́n. Wọ́n bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Busari, má bínú sí wa. Bí a ṣe bá a nìyí."

Ọ̀gá mi ní, "Mo mọ̀, bàbá. Ẹ ṣe tiyín."

A dúró lóde. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n wá ṣe, wọ́n kí wa kú ewu, wọ́n lọ. Kò sí ìjà kankan níbẹ̀. Ẹnu ará ìlú ni ìjà ti wá. Ohun tí gbogbo wa gbọ́ láti kékeré, ẹlẹ́sìn yòówù ká jẹ́, ni pé àrá kì í jà lásán: olè ló ń wá, òpùrọ́ ló ń wá. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi ń sọ ọ́ létí kànga. "Ẹ ẹ̀ rí i, Busari tó ń ṣe bí ẹni rere! Kí ló ti ń yọ nínú rédíò oní-ǹkan?"

Ọ̀gá mi ní kí n kó òkú gbogbo nǹkan náà sínú àpò. A dì í mọ́ kẹ̀kẹ́, a sì ń tì í láti abúlé dé abúlé, à ń dá òkú rédíò padà fún àwọn tó ni ín. "Ẹnu wa ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ," ni ọ̀gá mi wí. Àwọn kan bá wa kẹ́dùn. Ìyá arúgbó kan bu omi fún wa, ó ní, "Ẹni tó ń jalè kì í gbé òkú ẹrù wá sílé onílé." Àwọn míì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ọkùnrin kan wo ọ̀gá mi láti orí dé ẹsẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ fún un lésì, torí bí ẹnu mi ṣe mú lónìí náà ló ṣe mú nígbà yẹn. Ọ̀gá mi di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn ló ń gbọ̀n.

Nígbà tí a dá èyí tó kẹ́yìn padà, mo ní, "Ọ̀gá, àwọn òbí mi ń bèèrè ọjọ́."

Wọ́n ní, "Orúkọ tí àrá ti fọwọ́ kàn ló kù sí mi lọ́wọ́, Rafatu. Bí mo bá fi ṣàdúrà sí ọ lórí, wọ́n á ní ọmọ iṣẹ́ olè ni ọ́. Lọ fi orúkọ ara rẹ ṣiṣẹ́."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ìyá Kudi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó lọ sí abúlé wọn lẹ́bàá Akanran, wọ́n ń dáko. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Mo ya ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìyànà Ọ̀fà, mo bẹ̀rẹ̀. Ní ìpàdé àwa tó ń tún rédíò ṣe, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ta ló fún ẹ ní fíríìdọ̀mù?" Bí mo bá ti dákẹ́, wọ́n á ní kí n jókòó sẹ́yìn. Mo jókòó sẹ́yìn títí irun mi fi funfun. Iṣẹ́ mi ò ní àléébù o, oníbàárà mi pọ̀ ju tàwọn tó wà níwájú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà ni.

Irinṣẹ́ ń yí padà, èmi náà ń yí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èèyàn lè fi ojú lásán rí ohun tó bàjẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì dé, fídíò dé, àwo sídíì dé, gbogbo wọn sì kọjá lọ. Nígbà tí fóònù dé, nǹkan inú ẹ̀rọ ti kéré débi pé bí mo bá sín, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Mo ra awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi ní àwọn ò kọ́ tuntun mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà sóko. Bí ẹ bá mú iṣẹ́ kan, ẹ mọ̀ pé ẹ ó kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dàgbà. Wọn kì í sọ ìyẹn fún èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbà á.

Ọ̀gá mi máa ń wá ta iṣu ní Ìyànà Ọ̀fà nígbà míì, wọ́n á sì yà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n á jókòó sórí àpótí. Mo máa ń dọ́gbọ́n gbé iṣẹ́ tí mo ṣe síwájú wọn, bóyá wọ́n á wò ó. Wọ́n á yíjú sí títì. "Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ mọ́." Bí mo ṣe ń dàgbà tó yìí, "Tú u" wọn ló ń wù mí gbọ́.

Nígbà tó yá, àwọn ẹ̀rọ géèmù bẹ̀rẹ̀ sí bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń ṣí bí ìwé. Ojú méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, èèyàn á sì máa fi gègé kékeré kan tẹ ojú ìsàlẹ̀. Ibi tó ti ń ṣí tó ti ń pa dé yẹn, híǹjì rẹ̀, ni àìsàn rẹ̀ wà. Wáyà pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà ló gba inú rẹ̀ kọjá láti so ojú òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ṣí i tí wọ́n pa á dé jù, á já. Mo ń bá ọ̀kan tí mo rà fúnra mi fà á lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá mi wà níjòókòó. Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí, wọ́n fa àpótí wọn sún mọ́ mi. "Mú un wá."

Ọwọ́ àgbẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti dà, ó ti le, ó ti sán. Wọ́n fi so wáyà yẹn bí ẹni ń di irun ọmọ tuntun. Ojú méjèèjì tàn. Géèmù kan wà nínú rẹ̀: òjò á máa rọ̀ ní ojú òkè, abúlé kékeré kan á wà ní ojú ìsàlẹ̀, èèyàn á sì fi gègé la ojú ọ̀nà fún omi kó má baà gbé ilé lọ. Ọ̀gá mi ní géèmù ọmọdé ni. Wọ́n jókòó tì í títí ọjà fi tú, iṣu wọn wà nílẹ̀ láìtà. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

Mo bi wọ́n nígbà tí wọ́n tún wá pé kí ló dùn nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Níbí, èèyàn lè la ọ̀nà sílẹ̀ kí òjò tó dé." Mo yí ojú sẹ́yìn, mo ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan.

Ọdún ń lọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, kò sì sí ẹ̀yà ara tí a lè fi tún un ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀rọ géèmù tuntun wá, pẹlẹbẹ gbọọrọ, olójú kan, pé kí n bá àwọn fi eré àtijọ́ sínú rẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní èmúlétọ̀: ó máa ń ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni ẹ̀rọ ìgbà yẹn, eré náà á sì gbà á gbọ́. Iṣẹ́ tí mo kọ́ kẹ́yìn nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni bí èèyàn ṣe máa kó ojú méjì sínú ojú kan. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ kí méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti òkè lápá òsì, ti ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kún ojú ẹ̀rọ tó gbọọrọ.

Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, mo sì fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n wá sọ fún mi pé rọpárọsẹ̀ kọ lu ọ̀gá mi.

Mo gun ọ̀kadà dé Akanran, mo sì wọ inú abúlé. Wọ́n gbé ọ̀gá mi jókòó síwájú ilé, apá òsì wọn ò ṣiṣẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ mí, mo rí i lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún yíjú kúrò. Géèmù olójú méjì yẹn wà lórí itan wọn. Ojú òkè rẹ̀ ti kú.

Ìyá Kudi ní, "Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu wọn. Dókítà ní ó lè padà wá, ó lè má padà wá. Òwúrọ̀ tí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á ṣí nǹkan yìí, wọ́n á máa wò ó. Oúnjẹ gan-an, tipátipá ni. Rafatu, ọkọ mi ti ń lọ, wọ́n kàn jókòó ni."

Mo gba káàdì eré náà lọ sílé. Mo lo awò, mo tún fi awò mìíràn kún un. Mo kó gbogbo ohun tó wà nínú káàdì náà sínú ẹ̀rọ tuntun kan tí mo rà, títí kan ibi tí wọ́n ṣeré dé. Mo to ojú méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo sì gbé e lọ tìdùnnú-tìdùnnú.

Ọ̀gá mi mú gègé lọ́wọ́ ọ̀tún. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Wọn ò ṣe nǹkan kan. Omi ń gbé ilé lọ, wọ́n ń wò ó bí ẹni tí ò mọ ibi tí omi ti ń bọ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ẹ̀rọ náà kúrò níwájú wọn. Ètè wọn mì. Ohùn kan jáde tó dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tíì ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Tú u."

Ìyá Kudi ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Allahu Akbar! Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba!" Mo bú sẹ́kún bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo ń sunkún sínú rédíò.

Ṣùgbọ́n kí ló ṣe é? Mo mọ̀ pé wọn ò ní sọ fún mi, rọpárọsẹ̀ tàbí láìsí rọpárọsẹ̀. Ìyá Kudi gbé iyán wá. Ọ̀gá mi jẹ ẹ́ dé ìdajì, wọ́n dúró. Mo ní, "Ṣé wọ́n ti yó?" Ìyá Kudi ní rárá, wọ́n yí àwo náà sí òdì kejì, ọ̀gá mi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. "Ohun tó bá ti wà lápá òsì, wọn kì í rí i."

Mo lu orí ara mi. Apá òsì ni mo gbé òjò sí!

Mo tú u. Mo gbé ẹ̀rọ náà nàró, òkè wà lókè, ilẹ̀ wà nísàlẹ̀. Káfíńtà kan ní Akanran bá mi gé pákó tó ní ọwọ́ bíi wàláà tí ọmọ ilé kéú máa ń gbé lé itan. Kì í ṣe wàláà gidi o, kí àwọn Ààfáà má bínú sí mi. Mo de ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, mo sì fi í sí apá ọ̀tún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rí òjò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n omi ń bá wọn lójijì, wọ́n ń pẹ́ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ilé sì ń lọ. Wọ́n gbé gègé sílẹ̀.

"Tú u." Wọ́n fi ìka kan dábùú àárín ojú òkè àti ojú ìsàlẹ̀, níbi tí méjèèjì ti pàdé. Wọ́n fi ìka náà síbẹ̀ títí.

Mo gbé e lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn tó ti kú. Mo wò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Ìgbà tí mo ṣí ẹ̀rọ àtijọ́ náà ni mo tó rí i. Híǹjì! Nínú ẹ̀rọ àtijọ́ náà, àlàfo kan wà láàárín ojú méjèèjì, ẹ̀kán omi á sì sọnù sínú rẹ̀ díẹ̀ kó tó yọ nísàlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá mi ti mọ ìwọ̀n ìdúró yẹn. Èmi lẹ ojú méjèèjì mọ́ra wọn, mo sọ òjò di oníkánjú. Ibì kan wà nínú èmúlétọ̀ tí èèyàn ti lè fi àlàfo náà sí i, mi ò kà á sí nǹkan kan rí. Mo fi sí i, ó fẹ̀ tó ìka kan.

Mo padà lọ. Mo fi pákó náà sí apá ọ̀tún wọn, mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn bí ọmọ iṣẹ́ tuntun. Òjò rọ̀ ní òkè. Ó sọnù díẹ̀. Ó yọ nísàlẹ̀. Gègé ọ̀gá mi ti wà níbẹ̀ dè é. Wọ́n la ọ̀nà kan, wọ́n la òmíràn, omi wọ inú odò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì sí ilé kankan tó lọ. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí òjò géèmù náà fi dá, tí oòrùn yọ ní ojú òkè.

Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀. Ìyá Kudi náà dúró, ọwọ́ wọn wà lẹ́nu. Nígbà tó yá, ara wọn ò gbà á mọ́.

"Bàbá Kudi, ṣé kó tú u?"

Ọ̀gá mi na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n rọra gbé pákó náà kúrò lórí itan, wọ́n sì gbé e sórí àpótí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Mo ti kúnlẹ̀ kí ọwọ́ wọn tó dé ibẹ̀. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n wò mí pẹ́.

Wọ́n dákẹ́.